Fíìmù abanilẹ́rù olówó kékeré: kí ló ń jẹ́ kó máa wu èèyàn títí, báwo la sì ṣe ń ṣe é?

Ọmọ_Ṣakí
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti ẹ̀yin ìyá wa. Àwa márùn-ún la fẹ́ ṣe fíìmù kékeré kan, ìṣẹ́jú 12 péré, lórí iwin kan tó ń gbé inú ilé àtijọ́. Owó ọwọ́ wa kò ju ₦150,000 lọ. A ní fóònù méjì, iná LED kan tó ń lo bátìrì, àti kọ̀ǹpútà alágbèéká kan. Ìbéèrè wa pín sí méjì. Kí ló dé tí àwọn fíìmù ẹlẹ́rù tí wọ́n fi owó táṣẹ́rẹ́ ṣe láyé àtijọ́ ṣì ń di èèyàn mú, nígbà tí ọ̀pọ̀ fíìmù olówó gọbọi ti di ohun ìgbàgbé? Èkejì: níbo ló yẹ kí owó wa lọ, sí ẹ̀jẹ̀ ni, aṣọ iwin, iná, àbí ohùn? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ bí ẹni ń kọ́ ọmọ níṣẹ́, kí ẹ fi ìwọ̀n sí i.

SinimáÀná
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àbúrò. N ó mú ìbéèrè àkọ́kọ́, nítorí òun gan-an ló máa sọ ibi tí owó yẹ kó lọ.

Àìlówó kò sọ fíìmù di rere. Èyí tó burú nínú àwọn fíìmù olówó kékeré pọ̀ ju èyí tó dára lọ fíìfíì. Àwọn tó pẹ́ láyé ni àwọn tí ẹni tó ṣe wọ́n di ẹ̀rù kan ṣoṣo mú, tó kó owó àti làákàyè rẹ̀ lé e lórí, tó sì fi ìyókù sílẹ̀ kí ọkàn òǹwòran parí rẹ̀. Ẹ wo Cat People, tí Val Lewton gbé jáde fún ilé iṣẹ́ RKO ní Hollywood lọ́dún 1942. Owó rẹ̀ lé díẹ̀ ní $130,000, èyí tó kéré gan-an lójú àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ìgbà yẹn. Ìtàn obìnrin tó ń di ẹranko ni. Jacques Tourneur tó darí rẹ̀ fi ẹranko náà pa mọ́ sínú òjìji. Nínú ìran kan, obìnrin kan wà nínú adágún ìwẹ̀ lóru, ìtànṣán omi ń jó lára ògiri, ìkùn ẹranko ń dún káàkiri, ojú wa kò sì rí nǹkan kan dáadáa. Nínú ìran mìíràn, obìnrin kan náà ń dá rìn lójú títì, ìró ẹsẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ìró ẹsẹ̀ náà dákẹ́, gbogbo ibẹ̀ pa lọ́lọ́, lójijì ni bọ́ọ̀sì kan já wọ inú àwòrán pẹ̀lú ìró bíréèkì tó jọ ti ẹranko tó fẹ́ bù wọ́n jẹ. Bọ́ọ̀sì lásán ni! Títí dòní, orúkọ Lewton àti bọ́ọ̀sì náà ni àwọn onísinimá fi ń pe irú ìdẹ́rùbà òfo bẹ́ẹ̀.

Ìdí kejì ni pé ó rọrùn láti rí wọn wò. Ní oṣù kẹwàá 1957, wọ́n di fíìmù àtijọ́ 52 láti ilé iṣẹ́ Universal pọ̀, wọ́n tà wọ́n fún àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ní Amẹ́ríkà, àwọn ìyẹn sì ń fi wọ́n hàn ní ọ̀gànjọ́ òru. Ìran àwọn ọmọdé kan dàgbà pẹ̀lú wọn. Lẹ́yìn náà ni Night of the Living Dead dé ní 1968, tí George Romero àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi nǹkan bíi $114,000 ṣe ní Ìpínlẹ̀ Pennsylvania. Nígbà tí àwọn tó ń pín in yí orúkọ rẹ̀ padà, àmì ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ tí òfin Amẹ́ríkà ìgbà yẹn ní kó wà lójú fíìmù kò sí nínú èyí tuntun. Ó di ti gbogbo ayé. Ẹnikẹ́ni ló lè fi í hàn, ẹnikẹ́ni ló lè tà á, bí àwọn òkú inú rẹ̀ ṣe rìn káàkiri ayé nìyẹn. Ó dun àwọn tó ṣe é lápò, ṣùgbọ́n òun náà ló jẹ́ kí àwọn tí wọn kò tíì bí nígbà yẹn mọ̀ ọ́n.

Nílé ńkọ́? Hubert Ògúndé gbé Ayé jáde ní 1979 àti Jáiyésinmi ní 1980, ọ̀rọ̀ àwọn àjẹ́ ló wà nínú méjèèjì. Nígbà tí fíìmù àgbéléwò dé, tí kásẹ́ẹ̀tì kún Ìdúmọ̀tà, iwin àti ẹbọra wá wọ ilé kálukú. Kò sẹ́ni tó ní láti ṣàlàyé fún òǹwòran pé kí ló dé tí igbó kan kò fi ṣeé wọ̀ lóru. Ẹ̀rù tí kò gba àlàyé kò gba owó pẹ̀lú. Nítorí náà, kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ kọ ẹ̀rù yín sílẹ̀ ní gbólóhùn kan. Bí kò bá gba gbólóhùn kan, ẹ ò tíì mú un.

Ojú ìwé kan nínú ìwé eré a máa tó ìṣẹ́jú kan, nítorí náà ojú ìwé 12 ni tiyín. Ilé kan, òṣèré mẹ́ta, iwin kan. Kí iwin náà má yọjú ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ, kí gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ má ju ìṣẹ́jú-àáyá 20 lọ.

Ìyá_Àtíkè
Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ẹ̀jẹ̀ àti ojú ọgbẹ́.

Ẹ̀jẹ̀ lítà kan tó fíìmù ìṣẹ́jú 12. Ojú ọgbẹ́ kan kì í gbà ju mílílítà 50 lọ, ẹ̀wù tó rin gbingbin lè gba 250. Bí ẹ ṣe máa sè é rèé. Ife tó ń gba mílílítà 250 ni kí ẹ fi wọn gbogbo rẹ̀. Ṣúgà ife mẹ́rin, omi ife méjì, omi ọsàn wẹ́wẹ́ ṣíbí kékeré kan. Ẹ gbé e ka iná tí kò le, kó hó fún ìṣẹ́jú 10. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ náà ni kì í jẹ́ kí ṣúgà padà dì bí òkúta lẹ́yìn ọjọ́ kejì, ẹ má fò ó. Ẹ fi omi tútù díẹ̀ po kọnfílawà ṣíbí ńlá méjì, ẹ dà á sí i, ẹ rò ó fún ìṣẹ́jú méjì kí ẹ tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Nígbà tó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ da àwọ̀ oúnjẹ pupa olómi sí i, ṣíbí ńlá mẹ́ta sí mẹ́rin. Ẹ po ìyẹ̀fun kòkó tí a ń mu, ṣíbí kékeré méjì, pẹ̀lú omi gbígbóná díẹ̀ kó má di kóró, kí ẹ tó rò ó mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà, àwọ̀ búlúù, ẹ̀kán méjì tàbí mẹ́ta péré.

Kòkó náà ni ọba ibẹ̀. Pupa nìkan máa ń mọ́ gaara, iná LED á tún sọ ọ́ di àwọ̀ osùn tí wọ́n là lómi. Kòkó ló ń sọ ọ́ di kíki, tó sì ń mú un ṣókùnkùn. Kí ẹ tó fọwọ́ sí i, ẹ kán an sára aṣọ tí òṣèré máa wọ̀, ẹ fi fóònù yín yà á lábẹ́ iná yín gan-an. Ojú lásán kì í rí ohun tí kámẹ́rà ń rí. Bó bá ki jù, ẹ máa fi omi gbígbóná là á ní ṣíbí kékeré kọ̀ọ̀kan. Bó bá ṣàn jù, ẹ dá a padà sórí iná.

Ẹ má lo epo pupa, àwọ̀ ọsàn ló ń yọ, kì í sì í pò mọ́ omi. Tòmátò inú agolo ní hóró. Sobo fúyẹ́, ó sì ń fa àwọ̀ àlùkò. Ẹ̀jẹ̀ ẹran gidi kò yẹ rárá: ó ń dì, ó ń rùn, ó ń kó àìsàn. Ti ṣúgà náà ń pe èèrà àti eṣinṣin, nítorí náà kí ó wà nínú ìgò tó ní ìdérí, nínú fíríìjì, kó má ju ọ̀sẹ̀ kan lọ kó má baà kan.

Dick Smith, àgbà nínú iṣẹ́ àtíkè sinimá ní Amẹ́ríkà, máa ń fi Photo-Flo, oògùn àwọn tó ń fọ fọ́tò, sí ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ kó lè ṣàn dáadáa lára, kó sì wọ aṣọ. Májèlé ni Photo-Flo. Bí ẹ bá rí ohunèlò yẹn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ má fi sẹ́nu ẹnikẹ́ni. Ọṣẹ olómi tí a fi ń fọ abọ́, ẹ̀kán mẹ́wàá nínú ìdajì lítà, ń ṣe iṣẹ́ kan náà fún ẹ̀jẹ̀ ara aṣọ. Kí ìgò ti ẹnu àti ìgò ti aṣọ yàtọ̀, kí ẹ kọ ọ́ sí i lára gàdàgbà.

Ojú ọgbẹ́: Vaseline ṣíbí kan, ìyẹ̀fun àlìkámà ṣíbí méjì sí mẹ́ta, kòkó títí yóò fi bá awọ òṣèré mu. Ẹ pò ó títí kò fi ní lẹ̀ mọ́ ọwọ́ mọ́. Ẹ nu awọ gbẹ, ẹ fi ẹ̀yìn ṣíbí tẹ́ ẹ lé e, kí etí rẹ̀ fẹ́lẹ́ títí yóò fi wọnú awọ lọ. Ẹ fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ oníke la àárín rẹ̀, ẹ kun inú rẹ̀ ní pupa tó ṣú. Ohun tó máa ń bà á jẹ́ ni òógùn. Ẹ lẹ àtíkè mọ́ ọn, ẹ yà á láàárín ìṣẹ́jú 30. Irú àpòpọ̀ ojú ọgbẹ́ yìí tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀, tí wọ́n ń kó wá láti òkè òkun, àwọ̀ òyìnbó ni wọ́n sábà ń fún un, ó sì ń yọ lára wa bí àmọ̀ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri. Ẹ dà á pò mọ́ kòkó tàbí páńkéèkì òṣèré fúnra rẹ̀.

Bí iwin yín bá fẹ́ ní awọ tó ti jẹrà, gọ́ọ̀mù funfun ti àwọn ọmọ iléèwé, èyí tó ń fi omi ṣí, àti tíṣù tí ẹ ti là sí ewé kan ṣoṣo. Ìpele mẹ́ta, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbẹ kí èkejì tó lé e. Lọ́jọ́ tó ṣáájú, ẹ kọ́kọ́ fi díẹ̀ sí kọ̀rọ̀ ìgúnpá òṣèré, ẹ wò ó bóyá yóò yún un. Gọ́ọ̀mù oníbàtà àti super glue kò gbọdọ̀ kan ara. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà yín ní àwọn ẹyinjú ike aláwọ̀ tí wọ́n ń fi sójú, ọ̀pọ̀ ti fi wọ́n dá egbò sójú. Kọ̀ǹpútà lè yí àwọ̀ ojú padà láìfọwọ́ kàn án.

Alátùpà
Ìyá wa ti sọ ọ́ kó yé wa. Ní ti iná: ẹ kúrò níwájú. Iná tí ẹ bá gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kámẹ́rà á tẹ́ ojú òṣèré pẹrẹsẹ, á sì fi gbogbo yàrá hàn. Ibẹ̀ ni ẹ̀rù ti ń kú. Ẹ gbé e sẹ́yìn òṣèré níhà kan, ní gíga mítà méjì, kó máa dá etí ojú àti èjìká nìkan sí àwòrán. Ní ìhà kejì, ẹ gbé páálí funfun tó fẹ̀ tó mítà kan dání kó dá ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ padà. Ẹ sún páálí sẹ́yìn bí ẹ bá fẹ́ kí ojú rì sínú òkùnkùn.

Òkùnkùn inú fíìmù kì í ṣe àìsí iná. Bí iná kò bá tó, fóònù á gbé ISO, ìyẹn agbára tí kámẹ́rà fi ń fa ìmọ́lẹ̀, sókè fúnra rẹ̀, àwòrán á kún fún èérún, dúdú á di eérú. Ẹ tan iná tó, kí ẹ wá fà á wálẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Ẹ gba Open Camera sórí fóònù Android, ọ̀fẹ́ ni, kí ẹ lè ti gbogbo rẹ̀ pa sójú kan bí fóònù yín bá gbà á: àwòrán 25 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, shutter (àkókò tí ojú kámẹ́rà fi ń ṣí fún àwòrán kan) 1/50, ISO 400, bó pọ̀ tán 800. Ẹ ti focus, ìyẹn ibi tí kámẹ́rà tẹjú mọ́, pa sójú kan náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò máa wá ojú kiri nínú òkùnkùn. Ìdí 1/50 ni pé iná ìjọba wa àti ti jẹnẹrétọ̀ ń lo 50 Hz, ìyẹn ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí ẹ bá lo 1/60, ìlà dúdú lè máa gun àwòrán lábẹ́ gílóòbù. Ẹni tó bá ń ya tirẹ̀ ní Amẹ́ríkà, 60 Hz ni tibẹ̀, 1/60 ló bá a mu.

Àwọ̀ òṣùpá: ọ̀pọ̀ èèyàn ń di náílọ́nù búlúù mọ́ iná, ó sì ń jẹ ju ìdajì ìmọ́lẹ̀ lọ. Ẹ fi white balance fóònù, ìyẹn ètò tó ń tún àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ ṣe, sí 3200K lábẹ́ iná LED funfun, gbogbo nǹkan á di búlúù láìná kọ́bọ̀, iná yín kò sì ní dín kù.

Ẹ sì lè ya òru lọ́sàn-án. Aago mẹ́jọ sí mẹ́wàá òwúrọ̀, tàbí lẹ́yìn aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, kí oòrùn wà lẹ́yìn òṣèré. 3200K yẹn náà, kí ẹ fa ìmọ́lẹ̀ wálẹ̀ ní ìpele méjì. Òfurufú kò gbọ̀dọ̀ wọ inú àwòrán rárá, òun ló ń tú àṣírí. Ẹ yà á sára igi, ògiri àti ilẹ̀.

Èéfín: ẹ yá ẹ̀rọ tí àwọn DJ ń lò lóde àríyá. Ẹ jẹ́ kó gbóná tán, ẹ tú u fún ìṣẹ́jú-àáyá 10, ẹ pa fáànù, ẹ dúró kó tàn ká kí ẹ tó yàwòrán. Ní ìta, afẹ́fẹ́ á gbá a lọ, àfi kí ẹ ṣe é ní ìdájí. Ẹ má sun táyà, ẹ má sun ewé tútù nínú yàrá. Èéfín iná ń pa èèyàn láìpariwo.

Aránṣọ_Iwin
Mo bọ̀wọ̀ fún SinimáÀná, ṣùgbọ́n n kò gbà pé kí iwin máa sá pa mọ́ títí fíìmù á fi parí. Òǹwòran tó jókòó fún ìṣẹ́jú 12 fẹ́ rí nǹkan. Ní 1953, wọ́n ṣe Robot Monster: aṣọ ìnàkí, pẹ̀lú àkẹtẹ̀ irin tó jọ ti àwọn tó ń wọ ìsàlẹ̀ òkun. Gbogbo ayé ti sọ̀rọ̀ sí i, síbẹ̀ wọ́n ṣì ń wò ó. Nínú fíìmù olówó kékeré, ọwọ́ ẹni tó ṣe nǹkan máa ń hàn, ìfẹ́ tó ní sí i náà ń hàn, èyí sì jẹ́ ara ohun tó ń fa èèyàn padà síbẹ̀.

Bí ẹ bá ń wá ìrísí, ẹ má lọ jìnnà. Fágúnwà ti fi Àgbákò hàn wá láti 1938, tòun ti fìlà irin àti ojú mẹ́rìndínlógún tó yí orí rẹ̀ ká. Ẹ wo bó ṣe kà á fún wa láti orí dé ẹsẹ̀. Ohun kan tó ṣàjèjì lára ohun tí a mọ̀, ìyẹn ni ẹ mú.

Aṣọ náà: ẹ̀wù ọlọ́wọ́ gígùn àti ṣòkòtò tó ti gbó ni ìpìlẹ̀, àkẹtẹ̀ oníkẹ̀kẹ́ ni ti orí. Fóòmù tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 2.5 fún ara, èyí tó jẹ́ 1.2 fún ojú àti ìka. Abẹ tuntun ni kí ẹ fi gé e, ní ìfà kan. Abẹ tó kú ń ya á ni. Gọ́ọ̀mù oníbàtà: ẹ fi kun ojú méjèèjì tó máa pàdé, ẹ dúró ìṣẹ́jú 10 títí kò fi ní fa ìka mọ́, ẹ wá pa wọ́n pọ̀. Kò sí àtúnṣe níbẹ̀, bó bá ti lẹ̀ ó ti lẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ń kánjú lẹ̀ ẹ́ nígbà tó ṣì tutù, tí gbogbo rẹ̀ á sì ṣí lọ́jọ́ ìyàwòrán. Ìta ni kí ẹ ti ṣe é, gọ́ọ̀mù yẹn ń gba orí èèyàn, ó sì ń gbiná.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi sísọ́ọ̀sì gbẹ́ ẹ, ẹ po gọ́ọ̀mù funfun ti káfíńtà mọ́ omi ní dọ́gbadọ́gba, ẹ fi kun fóòmù lẹ́ẹ̀mẹta, kó gbẹ nínú oòrùn láàárín. Gọ́ọ̀mù yẹn kan náà ni kí ẹ dà mọ́ ọ̀dà, gọ́ọ̀mù kan sí ọ̀dà méjì. Ọ̀dà ilé nìkan á sán nígúnpá àti lórúnkún ní kété tí òṣèré bá ti rìn. Àwọ̀ tó ṣú lẹ́ kọ́kọ́ kùn, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ fa èyí tó mọ́ díẹ̀ sórí ibi tó yọ gọngọ, kí ẹ wá fi dúdú olómi sí àwọn kòtò rẹ̀.

Ẹnu iwin ni kí òṣèré ti máa ríran, ẹ fi nẹ́ẹ̀tì dúdú bò ó nínú. Kí ihò ìmí má dín ní mẹ́ta. Ìṣẹ́jú 10 nínú aṣọ, ìṣẹ́jú 10 níta, omi mímu, àti ẹnì kan tí kò níṣẹ́ mìíràn ju kó dúró tì í. Kò gbọ̀dọ̀ gun àtẹ̀gùn.

Ìrìn ṣe pàtàkì ju awọ lọ. Nínú Godzilla, fíìmù Japan ti 1954, aṣọ ẹranko náà wúwo tó nǹkan bí kílò 100, wọ́n sì ya àwòrán tó pọ̀ ju iye tí wọ́n fi hàn lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan kí ìrìn rẹ̀ lè wúwo lójú. Tiyín kì í ṣe kílò 100, ṣùgbọ́n ẹ lè yà á ní àwòrán 50 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, kí ẹ fi í hàn ní 25. Shutter á di 1/100, nítorí náà ẹ ó nílò ìlọ́po méjì ìmọ́lẹ̀. Ọgbọ́n mìíràn: kí iwin fẹ̀yìn rìn, kí ẹ wá yí fíìmù padà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa balẹ̀ lọ́nà tí ojú kò gbà. Kí ohunkóhun mìíràn má mira nínú àwòrán yẹn, ì báà ṣe èéfín tàbí ewé, òun ló máa sọ fún òǹwòran.

SinimáÀná
Aránṣọ, mo gbà fún yín lórí ìrìn. Lórí ojú, ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un: ìbòjú inú fíìmù Halloween, 1978, jẹ́ ojú ọ̀gágun ọkọ̀ òfurufú inú eré Star Trek tí wọ́n rà ní ìwọ̀nba owó. Wọ́n kùn ún ní funfun, wọ́n fẹ ihò ojú rẹ̀. Ojú tí kò sọ nǹkan kan ló dẹ́rù ba ayé. Bí fóòmù ojú bá ṣòro fún àwọn ọmọ yìí, kí wọ́n dín in kù.

Elétí_Ọfẹ
Ẹ gbọ́ tèmi kí ẹ tó ná owó náà tán. Òǹwòran á dárí àwòrán tó ṣú jì yín, kò ní dárí ohùn tí kò yé e jì yín.

Ẹ sọ fóònù kejì di ẹ̀rọ ìgbohùn: ipò ọkọ̀ òfurufú ni kó wà, kó má jìnnà sẹ́nu òṣèré ju sẹ̀ǹtímítà 40 lọ, nínú àpò àyà tàbí lẹ́yìn ìkòkò tó wà lórí tábìlì. Pàtẹ́wọ́ ẹ̀ẹ̀kan ní ìbẹ̀rẹ̀ gbogbo ìran, kí ẹ lè fi mú ohùn àti àwòrán bára mu. Nínú yàrá kọ̀ọ̀kan, kí gbogbo èèyàn dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ gba ìdákẹ́jẹ́ yàrá náà sílẹ̀. Òun lẹ ó fi dí ihò nígbà tí ẹ bá ń gé ohùn. Jẹnẹrétọ̀ ní láti wà ní mítà 50 ó kéré tán, lẹ́yìn ògiri, pẹ̀lú wáyà tó nípọn tó 2.5 mm², wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ á gbóná.

Ìró egungun: spaghetti gbígbẹ ìkúnwọ́ kan, ẹ wé e sínú aṣọ tútù, ẹ lọ́ ọ. Kárọ́ọ̀tì náà dára. Ọ̀bẹ tó wọ ara: bàrà olómi. Nínú fíìmù Psycho, 1960, irú èso bẹ́ẹ̀ ni wọ́n gún. Ohun tó ń yọ̀, tó ń fà: ẹ ki ọwọ́ bọ ewédú tí ẹ ti ja, ẹ̀rọ ìgbohùn ní sẹ̀ǹtímítà 15, ẹ fi náílọ́nù fẹ́lẹ́ wé e kó má baà tú sí i.

Ohùn iwin: kí òṣèré sọ̀rọ̀ nígbà tó ń fa èémí sínú. Ẹ gbà á lẹ́ẹ̀mẹta. Nínú Audacity, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń tún ohùn ṣe, ẹ fa ọ̀kan wálẹ̀ ní semitone (ìpele ohùn) 5, ọ̀kan ní 8, ọ̀kan ní 12, ẹ tò wọ́n lérí ara wọn, kí ọ̀kan pẹ́ dé díẹ̀. Ẹ fi ìró tí kì í ṣe ti ènìyàn kún un. Ìbọ̀wọ́ awọ tí wọ́n fi oje igi pa, tí wọ́n fi fa okùn gòjé ńlá tí wọ́n ti dẹ̀, ló di igbe Godzilla. Ìka tútù tí ẹ fà lójú awọ ìlù á kérora dáadáa.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kùnà nìyí: ohùn ìsàlẹ̀ tó wà lábẹ́ 150 Hz kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde nínú fóònù, orí fóònù sì ni àwọn èèyàn yín máa ti wò ó. Iwin tó ń mi ilé nínú ìgbóhùn-etí lè dákẹ́ pátápátá lọ́wọ́ òǹwòran. Kí ìpele kan nínú ohùn rẹ̀ wà láàárín 300 sí 600 Hz, kí ẹ sì fi fóònù olówó pọ́ọ́kú dán gbogbo fíìmù wò.

Ìdẹ́rùbà òjijì méjì péré nínú ìṣẹ́jú 12: òfo kan bíi bọ́ọ̀sì Lewton, òótọ́ kan. Ẹ gé gbogbo ìró kúrò ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ààbọ̀ ṣáájú. Kí ọ̀rọ̀ ẹnu máa ga dé -12 dB lójú òṣùwọ̀n ohùn inú kọ̀ǹpútà (0 ló ga jù), kí ìdẹ́rùbà dé -3. Bí gbogbo rẹ̀ bá ń pariwo láti ìbẹ̀rẹ̀, kò sí ibi tí igbe máa gùn mọ́. Orin: John Carpenter ló fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe orin Halloween, dùùrù kan tó ń tẹ ìlù márùn-ún márùn-ún. Ẹ ṣe tiyín. Ẹ má gbé orin olórin.

Ọmọ_Ṣakí
Ẹ ṣeun, ẹ kú làálàá. Ìran kan wà tí obìnrin máa sá jáde lóru tòun ti ẹ̀jẹ̀ lára, tó ń ké. Àdúgbò tó kún fún ilé ni. Báwo la ṣe máa ya sísá náà? Kí la sì máa sọ fún àwọn ará ibẹ̀?

Àgbà_Ojúlé
Ẹ má ya ìyẹn láìsọ fún ẹnikẹ́ni, ẹ̀yin ọmọ. Ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, ẹ lọ rí alága ẹgbẹ́ onílé, kí ẹ kọ ọjọ́ àti aago sílẹ̀ fún un. Ẹ lọ sọ fún àwọn ọdẹ àdúgbò, ẹ kọ lẹ́tà sí àgọ́ ọlọ́pàá tó súnmọ́ ibẹ̀, kí wọ́n lu ẹ̀dà kan ní òǹtẹ̀ fún yín, kó wà lápò ẹni kan lóru náà. Lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ kan ilẹ̀kùn ilé mẹ́wàá tó yí ibẹ̀ ká. Ẹni tó bá rí aṣọ iwin tàbí ẹ̀jẹ̀ láìmọ ohun tó ń lọ lè sọ òkò kó tó béèrè. Kí àwọn méjì nínú yín wọ aṣọ tó ń tàn yanran ní ìkángun òpópónà méjèèjì. Àdá àti ọ̀bẹ, páálí tí a kùn ní fàdákà nìkan. Igbe náà kò ní láti jẹ́ ti òru: kí ó ya ẹnu lásán níbẹ̀, kí ẹ gba igbe rẹ̀ lọ́sàn-án nínú yàrá. Bí ẹ bá fẹ́ tà á tàbí fi í hàn ní gbọ̀ngàn, àjọ tó ń yẹ fíìmù wò ní Nàìjíríà, NFVCB, gbọ́dọ̀ rí i kọ́kọ́.

SinimáÀná
Ní ti sísá: The Evil Dead, tí wọ́n yà ní Tennessee, tó sì jáde ní 1981, ni kí ẹ wò. Wọ́n de kámẹ́rà mọ́ àárín pákó, èèyàn méjì di orí pákó náà mú, wọ́n ń sáré pẹ̀lú rẹ̀. Bí ohun tí a kò rí ṣe ń ya gba inú igbó nìyẹn. Pákó 2x4 tó gùn tó mítà méjì tó fún fóònù. Ẹ fi rọ́bà dè é dáadáa, ẹ lo lẹ́ńsì tó fẹ̀ jù, ẹ gbé e sún mọ́lẹ̀, ní sẹ̀ǹtímítà 30. Bó bá súnmọ́ ilẹ̀ ló ń dà bíi pé ó ń yára. Ẹ kọ́kọ́ rìn ọ̀nà náà lójú mọmọ kí ẹ kó òkúta àti ìgò kúrò.

Owó yín, bó ṣe rí lójú tèmi: oúnjẹ àti ọkọ̀ ₦60,000, aṣọ iwin ₦30,000, gbohùngbohùn kékeré tó ń wọ fóònù ₦20,000, yíyá ẹ̀rọ èéfín ₦15,000, ẹ̀jẹ̀ àti àtíkè ₦12,000. ₦13,000 tó kù, ẹ má fọwọ́ kàn án títí di ọjọ́ ìyàwòrán tó kẹ́yìn.

Elétí_Ọfẹ
Bí gbohùngbohùn bá wọ́n ju iye yẹn lọ, ẹ yọ ọ́ lára aṣọ iwin, ẹ má yọ ọ́ lára oúnjẹ.

Ìyá_Àtíkè
Aṣọ obìnrin tó ń sá yẹn, ẹ ra mẹ́ta tó jọra ní bẹ́ńdáùn, nítorí ẹ̀jẹ̀ kò ní padà sẹ́yìn bí ìran náà bá bàjẹ́. Ẹ ya fọ́tò ibi tí ẹ̀jẹ̀ wà lẹ́yìn ìran kọ̀ọ̀kan. Omi tútù àti ọṣẹ ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́ lọ́jọ́ náà, omi gbígbóná á tẹ àwọ̀ náà mọ́ aṣọ. Ti ara, ẹ fi epo ìpara nù ún kí ẹ tó fi ọṣẹ kàn án.